Bàbá Àlàó Tí Mo Fi Ẹnu Pa

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Ajá lé mi lónìí. Mo kan géètì ilé kejì, mo ní "Ẹ kú ilé o" bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ọkùnrin kan dáhùn láti inú: "Ta nìyẹn? Ṣé eéjẹ́ǹtì ni?"

Mo ní rárá, sà, màmá mi ló rán mi, wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé ní yunifásítì, ìbéèrè mẹ́fà péré ni.

Ó ní, "Ẹ̀kọ́ nípa ilé ta? Ilé tèmi?" Ó ṣí géètì. Òun kọ́ ló jáde.

Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Onílé mẹ́wàá ni Màámi ń wá ní Agbowó àti Bódìjà. Wọ́n ní kí n gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù: kí ni wọ́n máa ń wò lára ènìyàn kí wọ́n tó gbé yàrá fún un? Màámi fúnra wọn kò ráyè. Láàárín ọ̀sẹ̀, kíláàsì. Ẹtì àti Àbámẹ́ta, wọ́n ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ní kílíníìkì kan ní Ring Road kí owó ilé-ìwé lè pé. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Jẹ́ríkò, tí wọ́n ń gbé ènìyàn sókè sódò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ̀yìn wọn tó kọ̀. Wọ́n ní ó tó, ilé ni àwọn máa máa díyelé báyìí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe másítáàsì ń pè wọ́n ní Mọ́mì.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà ìwé wọn. Ilé-iṣẹ́ adíyelé kan ní Dùgbẹ̀ ti fi àga iṣẹ́ sílẹ̀ dè wọ́n títí oṣù keje. Bí wọn ò bá yege, ó di ẹ̀yìn aláìsàn padà.

Èmi ni wọ́n rán torí pé mo wà nílé. Mo wà nílé torí pé mo fi ohùn gíwá kéde ìsinmi lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ilé-ìwé sì lọ sílé. Wọ́n wá lé mi sílé fún sáà yìí.

Màámi ní, "Jésùlọlá, èyí nìkan ni mo tọrọ lọ́wọ́ ẹ. Má fi ṣeré."

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Karùn-ún

Òjò. Ẹni méjì ni mo rí gbà láti ọjọ́ Ajé. Alhaji Mánsúrù ní Bódìjà, àti Màmá Àbẹ̀ḿbí tí wọ́n fi ìṣẹ́jú méje sọ̀rọ̀ ṣáláńgá wọn tó kún. Ní ilé kẹfà, obìnrin kan pè mí ní ọmọ gbájúẹ̀ lójú àwọn ayálégbé rẹ̀, wọ́n sì yọ sí mi lójú fèrèsé bí ẹni ń wòran. Bọ̀ọ̀lì kan ti di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo jẹ ẹ́ lábẹ́ òjò, mi ò kan géètì kankan mọ́.

Àyà mi ń já sí géètì. Mi ò lè sọ fún Màámi.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Oṣù Karùn-ún

Ọ̀rọ̀ yìí, bí eré ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Fàwáz ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe. Mo sín onílé alájá yẹn jẹ fún un: "Ilé ta? Ilé tèmi?" Fàwáz rẹ́rìn-ín títí irinṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tún un ṣe, jọ̀ọ́, kí n gbà á sílẹ̀." Mo tún un ṣe. Ó wá bi mí ní ìbéèrè Màámi, mo dáhùn bí onílé. Lẹ́yìn náà mo ṣe Àlháàjà kan tó ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ bú ayálégbé. Mo ṣe Ìjẹ̀ṣà kan. Mo ṣe tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Kí ọjọ́ tó rọ̀, mo ti di onílé méje.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ni Bàbá Àlàó. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ó ń wúkọ́, ó ń fa ọ̀rọ̀, eyín iwájú kò sí. Ó ní: "Bí ènìyàn bá wá yàrá wá sọ́dọ̀ mi, n kì í wo owó ọwọ́ rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni mo máa ń nà sí i. Mo ní, bá mi gbá àgbàlá yìí. Bó bá gbá a láìbínú, mo ti rí ayálégbé. Bó bá bínú, kó máa lọ."

Fàwáz gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí, ìwọ ò ní í rọ́run wọ̀."

Mo ti ní mẹ́wàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Karùn-ún

Màámi ti kílíníìkì dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní kí n tẹ ohùn àwọn onílé. Àlháàjà mú wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Nígbà tó kan Bàbá Àlàó, ẹ̀rín dúró. Wọ́n ní, "Tún un tẹ̀." Mo tún un tẹ̀. "Tún un tẹ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n kọjú sí ògiri.

"Irú ọkùnrin yìí ṣì wà?"

Mo ní ó wà, mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Karùn-ún

Màámi jó wọlé. Dọ́kítà Ikúbọlájẹ́, tí wọ́n ń mójú tó ìwé wọn, ti gbọ́ gbogbo ohùn náà. Wọ́n ní ohun tí bàbá onígbálẹ̀ yẹn sọ, kò sí nínú ìwé kankan tí àwọn tíì kà. Wọ́n ní kí Màámi gbé gbogbo orí kẹrin lé e lórí.

"Gbogbo orí kẹrin, Jésùlọlá! Dọ́kítà tí kì í yin ẹnikẹ́ni!"

Wọ́n dì mọ́ mi. Òórùn òògùn ẹ̀yìn wà lára wọn. Mo dúró bí igi.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Karùn-ún

Oúnjẹ kò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Oṣù Karùn-ún

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ta ni Màámi ti gba oore lọ́wọ́ rẹ̀ rí tí wọn ò padà lọ dúpẹ́? Dọ́kítà tó tọ́jú mi nígbà tí mo ní màléríà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ọdọọdún ni wọ́n ṣì ń gbé iṣu lọ fún un.

Bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo rí búrẹ́dì mẹ́wàá lórí tábìlì. "Múra, a fẹ́ lọ kí àwọn onílé wa. Ènìyàn ò lè gba ohùn àgbà kó sì gbàgbé ojú wọn."

A kí Alhaji Mánsúrù. A kí Màmá Àbẹ̀ḿbí. Lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ bẹ̀rẹ̀: Àlháàjà wà ní àsàlátù, tíṣà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀ṣà kì í gbàlejò lọ́jọ́ Àìkú. "Bàbá Àlàó ńkọ́?" Mo ní wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìlọrin. "Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?" Mo ní mi ò mọ̀, mà.

Búrẹ́dì mẹ́jọ ló padà sílé. Èmi ni mo ń jẹ ẹ́. 

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Karùn-ún

Mo ti pa ènìyàn.

Màámi ń jẹ ẹ̀bà, wọ́n ní, "Mo ní ìròyìn. Dọ́kítà Ikúbọlájẹ́ fẹ́ fojú kan Bàbá Àlàó. Wọ́n ní bó bá di Àbámẹ́ta, àwọn náà á tẹ̀ lé wa lọ. Pe ọmọ wọn ní Ìlọrin, kí wọ́n tètè máa bọ̀."

Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rò ó: "Wọ́n ti kú, mà."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ wọn.

"Kí lo wí?"

"Wọ́n kú ní Ìlọrin. Lánàá."

Màámi ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò jẹun mọ́. Wọ́n sunkún fún ẹni tí kò sí, mo sì jókòó tì wọ́n, mo ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Oṣù Karùn-ún

Mo rò pé ikú máa ń parí ọ̀rọ̀. Nílẹ̀ wa, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà wo ni ìsìnkú? Ta ni àkọ́bí? Mùsùlùmí ni wọ́n tàbí onígbàgbọ́? Dọ́kítà ti kéde rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì àti olùkọ́ lórí Wasáàpù, pé kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni mọ́kànlá ló ti ṣe àmín. Màámi ti kọ orúkọ Bàbá Àlàó sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé wọn.

Láti ìdájí ni mo ti ń wúkọ́. Ikọ́ gbígbẹ, bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo lọ bá Fàwáz, kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

Ó ní, "Ìwọ, ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yẹn?"

Mo ní èmi ni.

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ìwọ ni ènìyàn mọ́kànlá ń ṣe àmín sí."

 Mo lọ ra àgúnmu ikọ́, mi ò tilẹ̀ bèèrè iye kí n tó gbé e mì.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹfà

Mo gbọ́dọ̀ kọ gbogbo rẹ̀.

Màámi wọ aṣọ dúdú, a fẹ́ lọ bá ẹbí Bàbá Àlàó kẹ́dùn. Wọ́n gbé páálí mọ́òtì lé mi lórí. "Máa lọ níwájú." Mo lọ níwájú. Níbo ni mò ń lọ? Mo yà sí ọ̀tún, mo yà sí òsì, mo gba ẹ̀yìn ilé epo yọ. Oòrùn mú. Páálí wúwo. Mo ń gbàdúrà kí òjò dé.

"Jésùlọlá, a ti kọjá níwájú alápatà yìí lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ilé wọn jọra ni, mà."

A tún yà, àtíbàbà sì yọ sí wa lójú, wọ́n ta á sí iwájú ilé kan, àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ rẹ̀. Màámi ní, "Hẹn-ẹn! Ibẹ̀ nìyẹn, mo ti rí i." Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti kọjá lára mi, wọ́n ti kúnlẹ̀ síwájú obìnrin tó jókòó láàárín.

"Ẹ kú ara fẹ́rakù o. Ẹ kú ìrójú. Ọlọ́run á rọ́pò. Bàbá ṣe mí lóore tó pọ̀."

Obìnrin yẹn wo Màámi. "Ẹ ṣé o, ìyá. Bàbá wo ni?"

"Bàbá Àlàó. Bàbá wa tó papòdà ní Ìlọrin."

"Ìyá wa ló kú. Ibí ni wọ́n kú sí. Kò sí Bàbá Àlàó kankan ní àdúgbò yìí, ó ti tó ogójì ọdún tí a ti ń gbébẹ̀."

Màámi yíjú sí mi.  Mo rò pé ojú mi ló sọ fún wọn.

Wọn ò pariwo. Wọ́n gba páálí mọ́òtì lórí mi, wọ́n gbé e síwájú obìnrin yẹn, wọ́n ní, "Ẹ bá wa gbà á. A kì í gbé ẹrù ọ̀fọ̀ padà sílé." Wọ́n sì dágbére fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a dé ẹ̀yìn alápatà ni wọ́n tó jókòó sí etí gọ́tà.

"Ohùn ta ni?"

"Ohùn mi ni, mà."

"Àlháàjà tó mú mi rẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni."

"Tíṣà?"

"Èmi ni, mà. Alhaji Mánsúrù àti Màmá Àbẹ̀ḿbí nìkan ni kì í ṣe èmi."

Wọ́n di ẹ̀yìn wọn mú. Wọ́n ní, "Ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

Mo ń dúró kí wọ́n gbá mi létí. Wọn ò gbá mi. Mo ní ẹ gbá mi, mà. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n wá ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n bu oúnjẹ mi, wọ́n sì fi ẹran tó pọ̀ jù sí i. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Màámi mú mi lọ sí ọ́fíìsì Dọ́kítà Ikúbọlájẹ́. Mo rò pé wọ́n lè máa pa irọ́ náà mọ́ra títí ọjọ́ ìgbèjà á fi kọjá. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀ wọ́n nínú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ilé tí mo bá díyelé lẹ́yìn ọ̀la, ta ló máa gba iye tí mo bá pè é gbọ́?"

Màámi ṣàlàyé lórí ìdúró. Dọ́kítà fetí sí i títí dé òpin. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, irun àgbọ̀n funfun, ohùn bí ìgbà tí wọ́n ń fa àga lórí sìmẹ́ńtì. Ní ọjọ́ mìíràn èmi ì bá ti sín in jẹ.

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí ni mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ sí afẹ́fẹ́ rere?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló fèsì àmín. Ṣé o mọ ìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Wọ́n tẹ ohùn Bàbá Àlàó. Inú ọ́fíìsì yẹn, ó dún bí ohùn òkú lóòótọ́. Wọ́n pa á.

"Àwọn méje tó kù, ẹnikẹ́ni lè hùmọ̀ wọn. Èyí ńkọ́? Níbo lo ti rí ìgbálẹ̀?"

Mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n títí ìbéèrè yẹn fi bọ́ lù mí. Mo ní: "Baṣọ̀run ni, sà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje. A jókòó lórí ẹrù wa níta, bàbá mi ti lọ. Onílé yẹn ní òun ò lè gba obìnrin tí kò lọ́kọ sílé. Màámi bẹ̀ ẹ́. Ó wá na ìgbálẹ̀ sí wọn, ó ní ká wo bóyá wọ́n lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n gbá gbogbo àgbàlá náà. Aṣọ iṣẹ́ funfun ló wà lọ́rùn wọn. Ó gba wá sílé."

Fáànù ń yí lókè. Màámi ní, "O rí mi?"

"Mo rí yín, mà."

"Mo rò pé o ti sùn lórí ẹrù."

Dọ́kítà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọn ò sì tètè fi í sójú padà. Ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ó le. Gbogbo orí kẹrin gbọ́dọ̀ jáde. Ìgbálẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde, torí ẹni tí kò sí kò lè jẹ́rìí. A gbọ́dọ̀ rí onílé mẹ́jọ tí ẹ̀mí wà nínú wọn kó tó di Àbámẹ́ta, kẹrìnlá oṣù, Dọ́kítà fúnra wọn á sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Bí ó bá dín ẹnì kan, orúkọ Màámi á jáde nínú àwọn tó ń gbèjà ìwé lọ́dún yìí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Ilé mẹ́rin, ẹnì kan. Màámi dúró ní òdìkejì títì, wọn ò bá mi kan géètì.  Ó ku méje.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹfà

Iléyá ló gbà wá! Àgbò ti kú lánàá, gbogbo onílé Mùsùlùmí wà nílé, inú wọn dùn. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá Islamiat ń gé ẹran bí wọ́n ṣe ń dáhùn: "Bàtà ni mo máa ń wò. Ẹni tó bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, kó mẹ́rù wá." Irú nǹkan báyìí, èmi ì bá fi ọdún kan rò ó, kò ní wá sí mi lórí. Wọ́n fún mi ní ẹran. Ó ku mẹ́ta.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Méjì. Ọ̀kan nínú wọn pè mí ní olè kí ó tó dáhùn. Dọ́kítà ti pe gbogbo wọn. Ó ku ẹyọ kan, mi ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Ilé méje láti àárọ̀, kò sí ẹni tó gbà. Aago mẹ́rin kọjá. Màámi ti gba ààyè ní kílíníìkì, wọ́n ń di ẹ̀yìn mú. Ilé kan ṣoṣo ló kù tí mo mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.

Mo kan géètì. Ajá bẹ̀rẹ̀. Mi ò sá. Mo pariwo lé ajá náà lórí: "Ẹ jọ̀ọ́, sà! Màámi wà níta, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló kù!"

Ohùn ọkùnrin yẹn dún láti inú: "Ìwọ lo ni bàtà?"

"Èmi ni, sà."

Ó so ajá mọ́lẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ayálégbé ti gbé e lọ sí kóòtù, ìdí tó fi ra ajá nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kẹfà

Mo jókòó ní kọ̀rídọ̀. Gílàásì fèrèsé kan ti fọ́, mo ń gbọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí mi ò mọ̀ bi Màámi pé kí ni kò sí nínú ìwé yìí tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Màámi ní, "Orí kan wà tí mo yọ, mà. Wọ́n ti yìn mí lórí rẹ̀. Irọ́ ni."

Wọ́n ní kí Màámi ṣàlàyé. Wọ́n ṣàlàyé, orúkọ mi wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Màámi bọ́ síta. Wọ́n jókòó tì mí. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ wọn, ó tutù bí omi kànga. Ogún ìṣẹ́jú. Mo ka táìlì ilẹ̀ títí orí fi yí mi. Mo rò pé bí wọn ò bá jẹ́ kí Màámi yege, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú mi sí láyé.

Wọ́n pè wọ́n padà. Ilẹ̀kùn pa dé, ó tún ṣí.

Màámi ní, "Wọ́n ní kí n tún ojú ewé mẹ́rìnlá ṣe, kí oṣù tó parí."

"Ẹ yege?"

Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.  Wọ́n na fóònù sí mi. "Bá mi pe Dùgbẹ̀. Ẹnu mi ń gbọ̀n."

Mo pè é. Ọkùnrin kan gbé e. Mo ní ẹ káàsán sà, Jésùlọlá ni, ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì tí ẹ fi àga dè, wọ́n ti yege.

 Ó ní, "Ọmọdé, ṣé òótọ́ ni?"

Mo wo Màámi.

"Òótọ́ ni, sà," mo wí, àyà mi sì já bí ẹni pé irọ́ ni mo pa.